Yanrìn Pupa Nínú Pupuru

Ẹ̀bùnọlá kì í kánjú lórí pupuru. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń ṣe é, ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ. Yóò bó ẹ̀gẹ́, yóò rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin, kì í ṣe mẹ́ta, kì í ṣe márùn-ún. Yóò fún omi ara rẹ̀ dànù nínú àpò, yóò ṣa okùn inú rẹ̀ kúrò, yóò mọ ọ́n roboto bí orí ọmọ ọwọ́, yóò sì tò ó sórí àjà lókè ààrò títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ó ti jóná. Ṣùgbọ́n bí a bá ha dúdú yẹn kúrò, inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun bí òwú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ obìnrin tó mọ iṣẹ́. Ti Ẹ̀bùnọlá máa ń funfun tó bẹ́ẹ̀ tí Elizabeth, tó ń se oúnjẹ fún àwọn awakọ̀ létí márosẹ̀ ní Ore, kò fi ra ti ẹlòmíràn mọ́ láti ọdún tó kọjá.

Omi ló fà á. Abà tí Ẹ̀bùnọlá ń gbé kò jìnnà sí Odigbo, ẹ̀bá dáàmù odò Ọ̀fọ̀rá ló wà. Dáàmù náà ti lé ní ogójì ọdún. Ògiri ńlá ni, amọ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n láti òkè kan dé òkè kejì, wọ́n sì fi òkúta bo ojú rẹ̀ níbi tí omi wà. Ìdajì rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Odigbo, ìdajì kejì wà ní ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tó múlé tì wọ́n. Ní ìsàlẹ̀ ògiri yìí ni ìsun kan wà tí omi rẹ̀ tutù, tó mọ́ gaara, tí kì í gbẹ nínú ọyẹ́. Kí wọ́n tó kọ́ dáàmù, kò sí ìsun níbẹ̀. Àwọn àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni wọ́n pè é, kò sì sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè ọ̀nà tí omi náà gbà dé ibẹ̀.

Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin apá méjèèjì ti ń rẹ ẹ̀gẹ́. Kálukú ní àgbá oníke tirẹ̀, wọ́n sì ní òfin kan tí kò sí nínú ìwé: ẹnikẹ́ni kì í ti ọwọ́ bọ àgbá ẹlòmíràn. Bí ìdérí àgbá ọ̀rẹ́ rẹ bá tilẹ̀ ṣí, o óò ké pè é kó wá dé e fúnra rẹ̀ ni. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ẹni tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni wọn yóò bi.

Ní ìparí oṣù keje tó kọjá yìí, Elizabeth dá ìṣù pupuru mẹ́fà padà fún un.

"Ìyá Tófúnmi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ kí awakọ̀ tírélà gbàgbé eyín rẹ̀ sínú abọ́ mi ni?"

"Eyín báwo?"

"Yanrìn! Ó ń ró kẹ̀ǹkẹ̀ lẹ́nu wọn. Ọ̀kan ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ti ń fi sìmẹ́ńtì ro pupuru ní Ore."

Àwọn tó ń jẹun lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀bùnọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó fọ́ ìṣù kan, ó fi ìka méjì ra á, ó fi díẹ̀ sí ahọ́n. Òótọ́ ni. Yanrìn wà níbẹ̀, ó kúnná bí iyọ̀, inú pupuru náà sì ti pọ́n díẹ̀.

Lórí ọ̀kadà tó gbé e padà sílé, ó ń rò ó. Àgbá ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ní ìsun? Ti Ìyá Ìyìn, ará apá kejì odò. Ọwọ́ ta ni Elizabeth ti ń ra pupuru kó tó bọ́ sọ́dọ̀ òun? Ọwọ́ Ìyá Ìyìn kan náà. Ìyá Ìyìn fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Nígbà tí Tófúnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹ̀bùnọlá bí, wà lọ́mọ ọwọ́, Ìyá Ìyìn ló máa ń gbé e pọ̀n ní ìsun kí ìyá rẹ̀ lè ráyè bó ẹ̀gẹ́. Gbogbo èyí ni Ẹ̀bùnọlá mọ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì gbàgbé láàárín Ore sí abà.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó bá Ìyá Ìyìn pàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù Elizabeth gan-an.

"Ìwọ Ìyá Ìyìn, ọwọ́ rẹ wọ inú àgbá mi."

Ìyá Ìyìn rọra sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. "Èmi?"

"Ta ló tún kù? Ẹni tí oníbàárà kọ̀ sílẹ̀ ló ń da yanrìn sí ti ẹlòmíràn."

Àwọn èèyàn ti yíjú sí wọn. Kì í ṣe ẹ̀sùn nìkan ni wọ́n gbọ́, wọ́n tún gbọ́ "ìwọ" tó sọ sí ẹni tó jù ú lọ.

"Ẹ̀bùnọlá," ni Ìyá Ìyìn wí. Kò pè é ní Ìyá Tófúnmi. "O ṣeun." Ó gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, kò wá sí ìsun mọ́. Ó lọ ń rẹ ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ ní ìdí kànga ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀bùnọlá rẹ ẹ̀gẹ́ tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi ọ̀rá dí ẹnu àgbá, ó fi okùn dì í ní ìlọ́po mẹ́ta, ó ta kókó kan tí òun nìkan mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ní ọjọ́ kẹrin ó dé ibẹ̀, kókó náà wà bó ṣe ta á. Ó tú u, ó kó ẹ̀gẹ́ kúrò, ó da omi rẹ̀ nù díẹ̀díẹ̀. Yanrìn pupa jókòó sí ìdí àgbá.

Kò sí ọwọ́ kankan tó wọ ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló bu omi náà, láti ojú ìsun, pẹ̀lú igbá tirẹ̀.

Ó wá lóṣòó, ó wo ojú ìsun dáadáa, bí ẹni tí kò rí i rí. Nísàlẹ̀ omi, yanrìn ń jó. Ó ń sọ sókè, ó ń balẹ̀, ó sì ti kó ara rẹ̀ jọ yíká ihò náà bí erùpẹ̀ tí èèrà máa ń kó sí ẹnu ilé rẹ̀. Ilẹ̀ ìsun yìí dúdú ni. Kò sí erùpẹ̀ pupa níbẹ̀ rí. Ó gbójú sókè. Ohun pupa kan ṣoṣo tó wà nítòsí ni ògiri dáàmù.

Bàbá Akínṣọlá ni olùṣọ́ dáàmù lápá Odigbo. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ilé rẹ̀ wà lórí òkè ní ìdí ilẹ̀kùn irin tí wọ́n fi ń tú omi. Nígbà tí Ẹ̀bùnọlá ròyìn fún un tán, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ṣé omi náà ti dàrú ni?"

"Ó ti dàrú, Bàbá."

"Ẹnjiníà tó kọ́ dáàmù yìí sọ fún mi nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Ó ní bí omi mímọ́ bá ń sun lẹ́sẹ̀ ògiri, kí n máa ṣọ́ ọ. Bó bá dàrú, ó ní ògiri ló ń jẹ ara rẹ̀ láti inú nìyẹn."

"Kí ló ní kí ẹ ṣe?"

"Ó ní ká tú omi sílẹ̀, kó fúyẹ́." Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn irin náà. Kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n fi ń ṣí i wà nínú ṣéènì, àgádágodo méjì ló sì wà lára ṣéènì náà. "Ẹ wò ó. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ mi, èkejì wà lọ́wọ́ Benson lápá ọ̀hún. Nígbà tí ìlú méjèèjì jà sí omi láyé ọjọ́un, bí wọ́n ṣe parí ìjà nìyẹn. Ẹnì kan ò lè dá a ṣí. Àwọn tó ń sin ẹja lápá tiwọn fẹ́ kí omi ga, àwọn tiwa nísàlẹ̀ fẹ́ kó lọlẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí a ti ṣí i gbẹ̀yìn."

Benson ni ọkọ Ìyá Ìyìn.

Ẹ̀bùnọlá yíjú padà. Ó ń wo ìsàlẹ̀ odò, níbi tí òrùlé páànù mọ́kàndínlógún ti ń dán láàárín igi kòkó. Abà Ìsàlẹ̀ nìyẹn. Àwọn àlejò tó wá dá oko ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ilé kẹta láti etí odò ni Tófúnmi ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, oyún inú rẹ̀ sì ti pé oṣù méje.

Ó gba ibẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan náà.

"Màmi," ni Tófúnmi wí, tó ń fẹ́ ara rẹ̀ lábẹ́ igi, "dáàmù yìí ti wà kí ẹ tó bí mi. Ṣé nítorí pé èmi náà lóyún ló ṣe máa wá já?"

"Máa bọ̀ nílé, títí òjò oṣù kẹsàn-án yóò fi lọ."

"Kí n fi ọkọ mi sílẹ̀ nítorí yanrìn ìdí àgbá? Wọ́n á ní ẹ ti fi pupuru ya wèrè." Ó rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Ẹ jẹun, ẹ sinmi."

Ẹ̀bùnọlá kò jẹun. Àìdájú ló ń dà á láàmú ju ẹ̀rù lọ. Bí òun bá ṣì ńkọ́, bí òun ti ṣì lọ́rọ̀ Ìyá Ìyìn? Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ní gbogbo òwúrọ̀, lẹ́yìn àdúrà, yóò bu omi ìsun sínú ike omi kan, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀ Ore, yóò fi bírò kọ ọjọ́ sí i lára, yóò sì gbé e sójú fèrèsé títí yóò fi tòrò. Ike kan náà, ibì kan náà, wákàtí kan náà. Nínú ike àkọ́kọ́, pupa tó wà nísàlẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Nínú ike kẹsàn-án, ó nípọn tó ìka.

Ó kó ike mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Ore. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àbdùlràhmọ̀n ni wọ́n júwe fún un, ẹnjiníà tí wọ́n gbé wá síbẹ̀ láti Ìlọrin. Ẹ̀bùnọlá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Ìkálẹ̀ ro ẹjọ́.

"Màmá, ẹ forí jì mí, ẹ rọra sọ ọ́. Ìkálẹ̀ yín ti yára jù fún mi."

Ó tún un sọ ní Yorùbá inú Bíbélì. Ẹnjiníà náà tẹ́tí, ó wá mi orí.

"Ibi tí ìsun yẹn wà, màmá, ti ìjọba ìbílẹ̀ kejì ni. Ilẹ̀ tiwa ti tán kí èèyàn tó dé ibẹ̀."

"Ilé mọ́kàndínlógún tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́, ta ló ni wọ́n?"

Ọkùnrin náà ṣí fáìlì kan. Ẹ̀bùnọlá bẹ̀rẹ̀ sí í to ike sórí tábìlì rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọjọ́ ṣe tẹ̀lé ara wọn. Nígbà tó to ẹ̀karùn-ún, ọkùnrin náà gbé fáìlì kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tó to ẹ̀kẹsàn-án, ó dìde.

"Ta ló ní kí ẹ máa bu ú báyìí?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń pọ̀ ni tàbí ó ń dín."

Ẹnjiníà náà bá a wá sí ìsun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ṣẹ́ igi gígùn kan, ó tì í bọ ojú ìsun. Igi náà wọlé, ó ń wọlé, títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi kan omi. Kò rí ìdí. Nígbà tó fà á jáde, òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán náà kò gbóná. Ó gun òkè lọ bá Bàbá Akínṣọlá, ó wo àmì pupa tí wọ́n kùn sára òkúta nínú omi.

"Omi ti fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kọjá àmì," ni ó wí. "Ìwé àdéhùn ní bí omi bá ti kọjá àmì yìí, olùṣọ́ méjèèjì lè ṣí i láìdúró de lẹ́tà."

"Mo mọ̀," ni Bàbá Akínṣọlá fèsì. "Mo ti ránṣẹ́ sí Benson lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fẹ́ gbọ́ èsì tó fi ránṣẹ́? Ó ní ìyàwó òun tí wọ́n pè ní aṣebi níwájú gbogbo Ore, ṣé ọwọ́ ọkọ aṣebi ni wọ́n wá fẹ́ fi ṣílẹ̀kùn?"

Ẹnjiníà kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì dá ọjọ́ ìpàdé. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ni wọ́n wà. Àgbẹ̀ kankan ní Odigbo kò nílò ìwé kó tó mọ̀ pé òjò kì í sinmi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bùnọlá sọdá sí apá kejì lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá Ìyìn ń ṣa okùn ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀bùnọlá kúnlẹ̀ lórí èèpo ẹ̀gẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo wá tọrọ ìdáríjì. Kò sọ́wọ́ yín níbẹ̀. Ẹnu mi ló ṣáájú ojú mi."

Ìyá Ìyìn kò dá iṣẹ́ dúró. "Òkè ni ilé tèmi wà. Bí omi bá fẹ́ lọ, kó máa lọ."

"Tófúnmi wà nísàlẹ̀. Oṣù kẹjọ rẹ̀ ló bọ́ sí yìí."

Ọwọ́ Ìyá Ìyìn dúró. "Tófúnmi tí mo pọ̀n?"

"Òun ni."

"O ò lè mẹ́nu bà á lọ́jọ́ tí ò ń pè mí láṣebi." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. "Dìde. Ẹ̀yìnkùlé mi kọ́ lo ti bà mí jẹ́. Ọ̀la lọjọ́ ọjà. Ibi tí o ti sọ ọ́ ni kí o ti kó o jẹ."

Lọ́jọ́ kejì, níwájú ṣọ́ọ̀bù Elizabeth, ní àsìkò tí bẹ́ǹṣì kún jù, Ẹ̀bùnọlá tún kúnlẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀ ní márosẹ̀, ó ní láti pariwo kí wọ́n tó lè gbọ́ ọ. "Mo parọ́ mọ́ Ìyá Ìyìn níhìn-ín. Ọwọ́ wọn ò wọ àgbá mi. Ògiri dáàmù ló wọ̀ ọ́. Ara dáàmù ni ẹ jẹ nínú pupuru mi."

Awakọ̀ kan fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá, dáàmù tí a jẹ ńkọ́, ṣé kò ní wú nínú wa?" Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Elizabeth ti gbé ọwọ́ lérí.

Ìyá Ìyìn fa Ẹ̀bùnọlá dìde pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ó tó, Ìyá Tófúnmi," ni ó wí. "Jẹ́ ká máa lọ. Kọ́kọ́rọ́ náà wà lábẹ́ ibùsùn, mo mọ ibẹ̀."

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, Ẹ̀bùnọlá kọ́kọ́ gba Abà Ìsàlẹ̀ lọ, ilé dé ilé, ó sọ fún wọn pé odò yóò kún lọ́sàn-án yẹn, kí wọ́n kó ewúrẹ́ àti ọmọ kúrò létí rẹ̀. Tófúnmi rí Ìyá Ìyìn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó sì gbọ́ tí èyí sọ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí n tún pọ̀n ọ́ ni?" Kò tún jiyàn. Ó di ẹrù, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ore, sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Elizabeth. Ilé mẹ́jọ kó jáde. Ilé mọ́kànlá ní àwọn ń wò ó.

Benson dé orí dáàmù pẹ̀lú ojú dídì, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tí ìyàwó rẹ̀ mú wá fún un wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àgádágodo ti Bàbá Akínṣọlá ṣí. Ti Benson kò ṣí, ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gba òòlù, ó wo apá odò tiwọn bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí, ó sì fọ́ ọ. Wọ́n da epo dúdú sídìí kẹ̀kẹ́ irin náà. Ọkùnrin mẹ́ta dì í mú, Ẹnjiníà wà láàárín. Ó dún bí ẹran tí wọ́n ń pa. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, omi tú jáde nísàlẹ̀ pẹ̀lú ariwo tó mi ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ó wá há. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

"Kó máa ṣàn bẹ́ẹ̀," ni Ẹnjiníà wí. "Ó sàn ju kó má sí lọ."

Omi náà ń lọlẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Ó gba ọjọ́ méjì kó tó padà dé àmì pupa, ó sì gba ọjọ́ mẹ́ta sí i kó tó fi ìbú ọwọ́ kan lọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀bùnọlá àti Ìyá Ìyìn jọ ń rẹ ẹ̀gẹ́ ní ìdí kànga báyìí. Pupuru Ẹ̀bùnọlá kò funfun bíi ti tẹ́lẹ̀, omi kànga ò rí bí omi ìsun, Elizabeth sì ń rà á bẹ́ẹ̀. Gbogbo òwúrọ̀ ló ṣì ń lọ sí ìsun pẹ̀lú ike. Pupa inú rẹ̀ ti dín kù, láti ìka kan sí ìdajì ìka. Láti ọjọ́ mẹ́rin ni kò ti dín sí i.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án, kò tíì bu omi tán nígbà tí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ balẹ̀ lórí ewé kókò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dé ike náà, ó fi í sábẹ́ aṣọ, ó yára gba ilé lọ. Nígbà tó dé, páànù ti ń pariwo. Ó wo apá Abà Ìsàlẹ̀, kò rí i mọ́, òjò ti bò ó. Ilé mọ́kànlá ṣì wà níbẹ̀. Ó kọ ọjọ́ sára ike, ó gbé e sójú fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù, ó fa àpótí jókòó sí iwájú rẹ̀, ó sì ń dúró kó tòrò, kó lè mọ̀ bóyá pupa náà ti tún pọ̀.